Iléèwé Á Wà Lọ́la Àbí Kò Ní Sí?

"Ìyá Ìbejì, ṣé kí n parí ẹ̀ ni, àbí kí n fi sílẹ̀? Bí ò bá sí iléèwé lọ́la ńkọ́?"

Onídìrí ló ń béèrè. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ kan há sáàárín orúnkún rẹ̀, orí ọmọ náà sì pín sí méjì: apá ọ̀tún ti di ṣùkú, ó ń dán, apá òsì ṣì dúró gàgàrà bí ìgbálẹ̀ tó já lókùn. Èkejì rẹ̀ jókòó sórí àga, ó ń jẹ gúgúrú, ó ń retí kó kàn án. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2012. Ṣọ́ọ̀bù náà wà nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Wilson, ní Uptown, lápá àríwá Ṣikágò, níbi tí ọmọ Yorùbá kò ti ṣòroó rí.

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò. Níta, ọkọ̀ ojú irin ń da èrò sílẹ̀ wìtìwìtì. Ọ̀pọ̀ wọn ń bọ̀ láti pápá Soldier Field, nítorí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú náà, Bears, ṣẹ̀ṣẹ̀ fìyà jẹ Colts 41 sí 21 ni, ọtí sì ti bá ìdùnnú pàdé nínú wọn. Àárín wọn ni obìnrin kan ti yọ, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì pupa ẹgbẹ́ olùkọ́, ó há páálí kan mọ́ abíyá, ojú tó ní ìwé lára ló yí sínú. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ Bears na ìkúùkù sókè láti kí i. Kò tíì gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta sí i tí obìnrin mìíràn tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ fi dá a dúró. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, àmọ́ mo rí i tí ìyá ọmọ ń ka nǹkan lórí ìka, tí olùkọ́ ń mi orí. Ó pẹ́ díẹ̀. Ni wọ́n bá dì mọ́ra wọn, kálukú bá tirẹ̀ lọ.

Lórí tẹlifíṣọ̀n tó wà lókè dígí, ìjà àgbò méjì ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì táwọn olùkọ́ ìlú náà ń gbèrò ṣe: Rahm Emanuel, méyọ̀ ìlú, lápá kan, Karen Lewis, ààrẹ ẹgbẹ́ olùkọ́, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní kẹ́mísírì, lápá kejì. Ìjà ọ̀hún kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 2011, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iléèwé fagi lé ẹ̀kún owó ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún tó ti wà nínú àdéhùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fa ọjọ́ iléèwé gùn, ó di wákàtí méje fáwọn ọmọ kékeré. Wọ́n tún fẹ́ kí èsì ìdánwò ọmọ wà lára ohun tí wọ́n á fi díwọ̀n olùkọ́. Àwọn olùkọ́ ní, bí ẹ bá ti iléèwé pa, ta ló máa gba àwa tí ẹ lé kúrò níbẹ̀? Òfin ní, àfi kí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lè daṣẹ́ sílẹ̀. Lóṣù Kẹfà tí wọ́n dìbò, díẹ̀ ló kù kó pé 90. (Lóru ọjọ́ tí mò ń sọ yìí náà ni wọ́n kéde ìyanṣẹ́lódì, ọjọ́ iléèwé méje ló sì gbà. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ láago márùn-ún?)

Akọ̀ròyìn ń bi àwọn òbí lójú títì: ṣé ẹ ti olùkọ́ lẹ́yìn, àbí ẹ ò tì wọ́n? Àfi bíi pé ó ń bi wọ́n bóyá ẹ̀bà ni wọ́n fẹ́ àbí àmàlà. Wákàtí kan gbáko ni mo fi jókòó ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, n kò sì rí ẹyọ ẹnì kan tó fara mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan títí ó fi parí gbólóhùn rẹ̀.

Ìyá Ìbejì náà nìyẹn. "Wọ́n jàre," ló ní. "Olùkọ́ àwọn ọmọ mi dáa. Owó ara ẹ̀ ló fi ra pẹ́ńsùlù fún wọn." Kò mí, ó gbà á lọ: "Ṣùgbọ́n ta ni kí n kó wọn sọ́dọ̀ ẹ̀ láago mẹ́fà àárọ̀? Àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú, ṣé wọ́n á ní kí n dúró sílé ni?" Ẹnì kan sọ fún un pé ìjọba ìlú á ṣí iléèwé 144, wọ́n á fáwọn ọmọ lóúnjẹ, láago mẹ́jọ ààbọ̀ sí méjìlá ààbọ̀. Ó pòṣé. "Iṣẹ́ wo là ń ṣe fún wákàtí mẹ́rin ní Ṣikágò? Ta ló ń gbé wọn láago méjìlá ààbọ̀?"

"Ọmọ méyọ̀ á lọ síléèwé tiẹ̀ lọ́la," ni onídìrí wí, láì gbójú sókè. Òótọ́ ni. Iléèwé aládàáni ti Yunifásítì Ṣikágò làwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ.

Ìgbà yẹn ni ọkọ onídìrí wọlé, ó fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ ilé. Takisí ló ń wà, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni nílé kó tó wá. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún Màmá àgbàlagbà tó wà ní kọ̀rọ̀, ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó bú sẹ́rìn-ín. "Àwa, wọ́n ní ọ̀run lèrè olùkọ́ wà. Àwọn ti ibí ò lè dúró, Ṣikágò ni wọ́n ti fẹ́ gbà á." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn sí wọn, ó hàn lójú rẹ̀. Àfìgbà tí wọ́n gbé owó jáde: ìjọba ní àgbedeméjì owó olùkọ́ lọ́dún jẹ́ 76,000 dọ́là, ẹgbẹ́ olùkọ́ ní rárá, 71,000 ni. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Bọ̀dá. Ó mú kọ́kọ́rọ́. "Èyí tó kéré jù nínú méjèèjì, mo gbà," ló wí, ó sì jáde.

Màmá inú kọ̀rọ̀ kò dá sí ti owó. Ó ní, "Ẹ kó àwọn ọmọ wá bá mi. Mo wà nílé." Kí n tó ṣẹ́jú, ọmọ mẹ́fà ti forúkọ sílẹ̀. Ẹnì kan béèrè iye. Màmá ní, "Ṣé mo béèrè owó ni? Ẹ̀yin náà ṣáà mọ ohun tí ẹ máa mú dání."

Obìnrin aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà kan wà lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun, mo ti rò pé ó ń sùn. Ó gbé ẹ̀rọ náà sókè. Ọmọ iléèwé lòun ní 1987, ló wí, nígbà tí wọ́n dá irú ẹ̀ sílẹ̀ kẹ́yìn. Bàbá òun ló ń mú òun lọ síbi iṣẹ́, orí àpótí lòun ń jókòó sí. Ọjọ́ mélòó? Ọjọ́ iléèwé 19.

Ìyá Ìbejì kà á lórí ìka, ó yọ òpin ọ̀sẹ̀, ó tún un kà. Ó wo orí ọmọ rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ tú ti ọ̀tún yẹn. Ẹ bá mi dì í wẹ́wẹ́, èyí tó máa lo oṣù kan."

Ọmọ náà ké. Onídìrí ti ń wá ìparí okùn irun náà, ó rí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.