Lẹ́tà láti Monrovia: Ohun tó wà láàárín àwa àti Aládúrà

Bùrọ̀dá mi àtàtà,

Àlàáfíà ni mo wà ní Monrovia, àfi òjò tí kò dá. Mo rí ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Ẹ ní àwọn Aládúrà tó ti Ogere wá síbí, ṣé Kristẹni ni wọ́n bí àwa náà ṣe jẹ́ Kristẹni, àbí orúkọ lásán ni? Ẹ ní kí n má fi ṣeré. N kò ní fi ṣeré. Láti kékeré la ti ń rí wọn nílé, nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, tí wọ́n ń wọ́ lọ sí Òkè Tabieorar, òkè àdúrà wọn, nínú oṣù kẹjọ, tí Bàbá á sì ní ká wọlé, ká má wò wọ́n. Ó tó àkókò ká wò wọ́n dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ilẹ̀ tí wọ́n bá níbí, torí òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé mi. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó kúrò ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ ìlú yìí dó ní 1822, Bíbélì ni wọ́n gbé wọ̀lú. Lott Carey wà lára àwọn aṣáájú wọn. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí ní Virginia, ó fi owó ra ara rẹ̀ padà, ó sì di oníwàásù Onítẹ̀bọmi. Ṣọ́ọ̀ṣì Providence tí òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ṣì wà láàárín ìlú títí dòní. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé òmìnira Liberia ní oṣù keje ọdún 1847. Ààrẹ Tubman, oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì ni. Ààrẹ Tolbert tó tẹ̀lé e, pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi ni, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe olórí Ẹgbẹ́ Onítẹ̀bọmi Àgbáyé, láti 1965 sí 1970.

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ ó ní ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ṣọ́ọ̀ṣì wọ̀nyí ni àwọn ọmọ àtìpó, tí wọ́n ń pè ní Congo títí di ìsinsìnyí, fi ń dá ara wọn mọ̀ yàtọ̀ sí onílẹ̀. Kóòtù dúdú, fìlà gíga, Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà. Kpelle, Bassa, Kru àti Grebo lè wọlé, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ló ni àga iwájú. Nítorí náà, tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́ Kristẹni gbogbogbòò, ẹ rántí pé ní Monrovia, ẹ̀kọ́ náà àti ipò láwùjọ jọ ń rìn pọ̀ ni.

Ọdún tí Liberia ń ṣe ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún òmìnira, 1947, ni Samuel Ọmọ́lajà Odùwọlé dé síbí. Òun àti Emmanuel Adéjọbí ni Josiah Òṣìtẹ̀lú, wòlíì Aládúrà ti Ogere, rán jáde. Adéjọbí dúró ní Freetown, Odùwọlé wá síbí. Ẹ mọ ìtàn Òṣìtẹ̀lú. Ọmọ CMS, ìjọ Áńgílíkà tiwa, ni, tíṣà àti katikíìsì ni, kí ìran tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí i ní 1925. Ìjọ Áńgílíkà dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó sì dá Ìjọ Olúwa sílẹ̀ ní Ogere ní oṣù keje ọdún 1930. Ilé tiwa ló ti jáde. Kò yẹ ká máa pè é ní àjòjì.

Mo bá Ìjọ Olúwa ibí jọ́sìn láàárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi. Bàtà kún ẹnu ọ̀nà, sílípáàsì rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà ọ́fíìsì dídán, òjò ti rin gbogbo wọn. Gẹ̀ẹ́sì Liberia, èyí tó máa ń gé ìparí ọ̀rọ̀ jẹ, ni wọ́n fi ń ṣe ìsìn. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló bọ́ mọ́ mi létí. Àmọ́ nígbà tí àgbà obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun délẹ̀ ké Hòsánnà, tí gbogbo ilé dáhùn, ara mi mọ ibi tí mo wà. Sáàmù, ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, orin, Bíbélì kíkà, ìwàásù. Ẹ di ojú yín, Ìwé Àdúrà wa lẹ ó máa gbọ́ lábẹ́ ìlù àti àtẹ́wọ́ yẹn.

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbé yẹ̀wò nìyẹn. Wọ́n gba Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, Ọlọ́run kan. Wọ́n gbà pé Jésù kú, pé ó jíǹde, pé yóò padà wá. Ní 1975, Ìgbìmọ̀ Àwọn Ìjọ Àgbáyé gbà wọ́n sínú ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ tí kì í gba ìjọ tí kò bá jẹ́wọ́ Jésù Olúwa gẹ́gẹ́ bí Ọlọ́run àti Olùgbàlà. Inú ẹgbẹ́ kan náà ni Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì wà. Àmọ́ àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà, tí wọ́n wà níbí náà, kò gba Mẹ́talọ́kan rárá, wọn kì í sì í fi í pa mọ́. Ẹni tó bá ń wá ibi tí ìgbàgbọ́ ti yà kúrò lójú ọ̀nà àwọn àpọ́sítélì, ọ̀dọ̀ wọn ni yóò ti rí i. Harold Turner, àlùfáà Presbyterian láti New Zealand tó bá Aládúrà pàdé ní Freetown ní 1957, kọ ìwé ńlá alápá méjì nípa Ìjọ Olúwa, tó jáde ní 1967. Ìjọ Kristẹni ló kà wọ́n sí.

Ibi tó le ni ọ̀rọ̀ ìfihàn. Abala kẹfà nínú Abala Mọ́kàndínlógójì tiwa sọ pé ohun gbogbo tó pọn dandan fún ìgbàlà wà nínú Ìwé Mímọ́, pé ohun tí a kò bá rí níbẹ̀, a kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di dandan fún ẹnikẹ́ni. Òṣìtẹ̀lú kò kọ Bíbélì sílẹ̀, àmọ́ ó gba àwọn orúkọ mímọ́ lójú ìran, ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú èdè kankan, ó sì fi irú lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ kọ wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ń fi àwọn orúkọ náà gbàdúrà.

Ẹ kò gbọdọ̀ rò pé òyìnbó ló kọ́kọ́ bá a wí lórí èyí. Àwọn Aládúrà ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ní 1931, àwọn aṣáájú Faith Tabernacle, àwọn tí I. B. Akínyẹlé tó padà jẹ Olúbàdàn wà lára wọn, bá a sọ ọ́ lórí orúkọ mímọ́, lórí fífi àjẹ́ hàn, àti lórí kíkó aya jọ. Ọ̀nà pínyà. Àwọn ọ̀hún ni wọ́n padà di ìjọ CAC (Christ Apostolic Church). Èmi náà wà lọ́dọ̀ wọn lórí ti orúkọ mímọ́. Orúkọ Jésù tó. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wòlíì nìkan bá ti di kọ́kọ́rọ́ àdúrà, ọmọ ìjọ kò ní ohun tí yóò fi yẹ wòlíì wò mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe òdodo sí àwọn tó ń lọ síbẹ̀. Ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan ní ọjà Waterside jókòó tì mí lẹ́yìn ìsìn. Bassa ni. Ó ní òun ti ṣe Mẹ́tọ́díìsì láti kékeré, wọ́n kọ́ òun ní Òfin Mẹ́wàá àti Àdúrà Olúwa, òun sì ń dúpẹ́ fún un. Nígbà tí àlá burúkú ń yọ òun lẹ́nu, kò sí ẹni tó béèrè ohun tí òun rí. Níbí, ó rọ́ àlá náà, wọ́n ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kó máa ka Sáàmù lóru, àgbà ìjọ méjì sì wá bá a ṣe ìṣọ́ òru nílé rẹ̀. Bùrọ̀dá mi, nínú gbogbo rẹ̀, èwo ló lòdì sí Bíbélì? Jósẹ́fù rọ́ àlá. Dáníẹ́lì gbààwẹ̀. Àwa la fi ibi yẹn sílẹ̀ lófìfo.

Liberia ti bí wòlíì tirẹ̀ ṣáájú Odùwọlé pàápàá. William Wadé Harris, ọmọ Grebo láti ẹkùn Cape Palmas, gba ìpè nínú ẹ̀wọ̀n ní 1910. Ní 1913 ó gba etíkun lọ sí Côte d'Ivoire pẹ̀lú aṣọ funfun, àgbélébùú, igbá omi àti Bíbélì, àìmọye ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló sì sun òrìṣà wọn níná, tí Harris rì bọmi, kí àwọn Faransé tó lé e jáde. Ó ní kí wọ́n máa retí àwọn tí yóò fi Bíbélì kọ́ wọn; nígbà tí Mẹ́tọ́díìsì dé lọ́dọ̀ wọn ní 1924, wọ́n bá àwọn tó ti ń retí wọn láti ọdún mẹ́wàá. Bí wòlíì ṣe yẹ kó rí nìyẹn lójú tèmi. Ó tọ́ka sí Ìwé, ó sì yàgò lọ́nà.

Ní ti ìwòsàn, ẹ rántí àríyànjiyàn lórí kuníìnì láàárín àwọn òyìnbó Apostolic, tí wọ́n ń lò ó, àtàwọn ènìyàn Babalọlá, wòlíì CAC, kí wọ́n tó túká. Níbí, Ebola ti dá ẹjọ́ náà tán. Ó lé ní 4,800 ènìyàn tó kú ní Liberia. Gbígbé ọwọ́ lé aláìsàn, tí Jésù fúnra rẹ̀ ṣe, di ohun tó lè pa odidi ilé. Ìbọwọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì dúró, ti Àgùdà, ti Onítẹ̀bọmi, ti Aládúrà. Bọ́kẹ́ẹ̀tì onífọ́sẹ́ẹ̀tì, tó kún fún omi olóògùn, wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé nígbà náà. Alàgbà kan sọ fún mi pé omi yẹn àti omi àdúrà kò bá ara wọn jà, ọwọ́ Ẹnìkan náà ni méjèèjì ti wá. N kò rí ohun tí mo fẹ́ fi kún un.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ló ká mi lára jù. Ẹ wo bó ṣe rí. CAC kò fi obìnrin jẹ àlùfáà, ṣùgbọ́n kò dí obìnrin lọ́wọ́ àtiwọlé nígbàkígbà. Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run wá, tí Oshoffa dá sílẹ̀ ní Porto-Novo nínú ọdún kan náà tí Odùwọlé dé síbí, kò fi wọ́n jẹ ẹ́, obìnrin tó bá sì ń ṣe nǹkan oṣù kò gbọdọ̀ wọ ilé ìjọsìn. Ìjọ Olúwa ń fi obìnrin jẹ àlùfáà, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Àgbà obìnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, aláṣẹ ni. Ọkùnrin tó ju àádọ́ta ọdún lọ kúnlẹ̀ fún un láti gbàdúrà. Àmọ́ obìnrin tó bá wà nínú nǹkan oṣù kì í wọ ibi mímọ́, àlùfáà obìnrin pàápàá.

Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bínú. Ó ṣí Lefitiku 15 fún mi, níbi tí ọjọ́ méje wà. Ó ní ibi mímọ́ ni ibi mímọ́, òun náà dúró síta nígbà èwe òun, kò sì pa òun lára. Mo bọ̀wọ̀ fún un, mo sì sọ ohun tó wà lọ́kàn mi: Marku 5, obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ ọdún méjìlá, tó fọwọ́ kan aṣọ Jésù láàárín èrò. Jésù kò ní kó dúró síta. Ó pè é ní ọmọbìnrin. Ìyá náà dákẹ́, ó ní òun ti wàásù lórí ibẹ̀ rí, pé ìgbàgbọ́ lòun fi wàásù, òun kò ronú kan ẹnu ọ̀nà.

Ibi tí mo ti gbà pé ẹ̀kọ́ gbogbogbòò tọ̀nà, tí tiwọn kò tọ̀nà, nìyí. Ìwé Heberu kò fi àyè sílẹ̀: ọ̀nà ti ṣí gba inú aṣọ ìkélé kọjá, ẹ̀jẹ̀ kan ló kù tó ń sọ ẹnikẹ́ni di mímọ́. Kò yẹ kí ẹ̀jẹ̀ tí Ọlọ́run fi sínú ara obìnrin kó lè bímọ wá di ìdènà sí iwájú Ọlọ́run yẹn. Mo sì mọ ohun tí ẹ máa sọ, pé àwa kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. A kò ní in. Àwa tí a kò lé obìnrin kankan síta, ìjọ Áńgílíkà tiwa ní Nàìjíríà kò tíì fàyè gbà á pé kí á fi wọ́n jẹ àlùfáà. Ìyá Aládúrà yìí ń gbàdúrà sórí ọkùnrin ní Monrovia. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa ní Ṣàgámù, ìwé ìkéde ni wọ́n á fún un kó kà.

Ti kíkó aya jọ kò ní gba ìwé púpọ̀. Òṣìtẹ̀lú fẹ́ méje. Ìpàdé Lambeth ti 1888, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà, sọ pé a kò ní ri aláya púpọ̀ bọmi. Ti 1988 wá fàyè gbà á pé kí wọ́n rì í bọmi, kó má sì lé àwọn ìyàwó rẹ̀ dànù. Ìyàwó kan ni mo gbà pé ó tọ́, bí ẹ̀yin náà ṣe gbà. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko ló gba àwọn àgbà wa kí wọ́n tó ro ti àwọn ìyàwó tí à ń lé jáde.

Ìdáhùn mi rèé: Kristẹni ni wọ́n. Ọmọ ilé kan náà ni wá, ìjà wa kì í ṣe lórí Ẹni tí à ń sìn.

Ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá tún gòkè Tabieorar lóṣù kẹjọ, ẹ má wọlé. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ bá wọn jókòó, kí ẹ sì bi àwọn àgbà wọn bóyá wọ́n ti tún òfin ọjọ́ méje náà gbé yẹ̀wò. Ìyá ibí ní òun náà fẹ́ gbọ́ èsì. Kí ẹ tó lọ, ẹ bá mi bi bíṣọ́ọ̀bù wa ní ìbéèrè kejì: ìgbà wo ni àwa náà yóò fi obìnrin jẹ àlùfáà?

Èmi ni àbúrò yín,
ní Monrovia.