Iṣẹ́ Ẹni Mẹ́ta Lọ́rùn Ẹnì Kan

Olùkọ́ ni mí ní ilé-kéwú kan ní Ìkòtún níbí, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó máa pè mí ní Àfáà, mo ti ṣe akọ̀wé rí. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ akọ̀wé yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ó ti pẹ́ tí ó ti wà lọ́kàn mi, ohun tí ojú mi sì rí nígbà náà ni ojú ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ń rí nísinsìnyí.

Ní ọdún 1993 ni. Mo ti parí kéwú, mo sì ti gba ìwé mẹ́wàá. Ilé-iṣẹ́ kan tí ń ṣe ike ní ìhà Ìsọlọ̀ gbà mí sí sítóò rẹ̀. Bí mo bá ti kí ìrun Sùbúù tán, n óò wọ dánfó tí ń ti Ìkòtún lọ sí Sẹ́lẹ́, n óò sì bọ́ sílẹ̀ ní Ìsọlọ̀. Àwa mẹ́ta ni a wà ní sítóò náà: Bàbá Ìbejì tí ó ti lo ọdún mọ́kànlá, ìyá kan tí ó ti lo ọdún méje, àti èmi tí n kò tíì lo ọdún méjì. Bàbá Ìbejì ni ó kọ́ mi bí a ti ń ka ẹrù tí ó wọlé, bí a ti ń kọ èyí tí ó jáde, àti bí a ti ń mọ̀ bí ayédèrú bá wà nínú ìwé tí awakọ̀ mú wá.

Ẹ rántí bí ìlú ti rí nígbà náà. Láti ọdún 1986 tí ìjọba ti gbé ètò SAP kalẹ̀ ni náírà ti ń já wálẹ̀. Ohun tí ilé-iṣẹ́ ń rà láti òkè òkun wọ́n gógó, ọ̀pọ̀ wọn sì ń dá òṣìṣẹ́ dúró. Ọ̀rọ̀ náà kan tiwa ní ọjọ́ Jímọ̀ kan. Máníjà fún Bàbá Ìbejì àti ìyá náà ní lẹ́tà, ó ní kí wọ́n má padà wá ní ọjọ́ Ajé. Owó oṣù wọn nìkan ni wọ́n fún wọn. Lẹ́yìn náà ni ó pè mí. Ó ní kí n máa dúpẹ́ pé wọ́n fi mí sílẹ̀, pé iṣẹ́ àwọn méjèèjì ti di tèmi.

Bàbá Ìbejì kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Àbúrò, ti ilẹ̀kùn kejì máa ń há. Rọra máa yí i." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. N kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má baà yí ọkàn padà lórí tèmi.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti rí ohun tí mo ń dúpẹ́ lé lórí. Kí aago méje tó lù ni mo ti ń ṣí sítóò, ìrun Ìṣáì sì máa ń bá mi níbẹ̀. Nígbà mìíràn n kì í rí àyè jẹun ọ̀sán. Owó oṣù mi kò yí padà. Nígbà tí ìṣirò ṣì mí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n yọ owó náà nínú owó oṣù mi, wọ́n sì pè mí ní ọ̀lẹ. Oṣù kẹjọ ni àìsàn dá mi dùbúlẹ̀. Nígbà tí mo fi máa padà dé, ọmọkùnrin mìíràn ti jókòó sórí àga mi. Àwọn àgbà ti wí i pé pàṣán tí a fi na ìyáálé, ó ń bẹ láàjà fún ìyàwó.

Lẹ́yìn tí mo kúrò níbẹ̀ ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí ka òfin. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ti wà láti àwọn ọdún 1970, nítorí náà ó ti wà kí n tó wọ sítóò yẹn. Abala 20 rẹ̀ sọ ohun tí agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe bí òṣìṣẹ́ bá pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Èkíní, kí ó sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn ìdí tí ó fi fẹ́ dín wọn kù àti iye tí yóò kàn. Èkejì, láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ẹni tí ó dé kẹ́yìn ni kí ó kọ́kọ́ lọ, àfi bí ìmọ̀ iṣẹ́ tàbí ìṣeéfọkàntán bá fi ẹlòmíràn ṣíwájú. Ẹ̀kẹta, kí ó sa ipá rẹ̀ láti bá àwọn tí ń lọ dúnàádúrà lórí owó ìdádúró. Abala 11 ní kí a fún ẹni tí ó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìkìlọ̀ oṣù kan. Ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tí ó ti lo ọdún méjì sí márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tí ó ti lo oṣù mẹ́ta sí ọdún méjì. Kíkọ ni kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Nígbà tí mo ka èkejì yẹn, mo pa ìwé náà dé. Èmi ni mo dé kẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ ti ìmọ̀ iṣẹ́, ta ni ó kọ́ ta ni? Òótọ́ ibẹ̀ ni pé owó oṣù mi kò tó ìdajì ti Bàbá Ìbejì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yàn mí. Ipò ẹlòmíràn ni mo jókòó sí, ipò náà sì pa mí lára.

Ní ti ẹrù iṣẹ́, n kò ní tàn yín: òfin náà kò ka iye iṣẹ́ tí ẹnì kan lè ṣe lóòjọ́. Ṣùgbọ́n abala 13 sọ pé wákàtí tí a bá fi kún èyí tí a jọ fẹnu kò sí, àfikún iṣẹ́ ni. Ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan, kí ó sì ní ọjọ́ kan láti sinmi nínú ọjọ́ méje. Abala 7 ní bí àdéhùn iṣẹ́ bá yí padà, kí agbanisíṣẹ́ kọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ láàárín oṣù kan. Abala 5 kò sì jẹ́ kí a kàn yọ owó oṣù ènìyàn nítorí àdánù, láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé. Òfin yìí kò kan àwọn ọ̀gá tí ń ṣe àbójútó àti àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ńlá. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ wọn ni òfin tiwọn. Nítorí náà, ẹ má ṣe gba iṣẹ́ láìgba ìwé.

Ẹ jẹ́ kí á tún wo inú Alùkùráánì. Nínú Súúrà Kásásì, nígbà tí bàbá àgbà Mádíyánì fẹ́ gba Ànábì Mùsá sí iṣẹ́, ó sọ iye ọdún fún un, ó sì sọ pé òun kò fẹ́ ni ín lára. Ànábì wa pẹ̀lú, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa pé kí á má ṣe di ẹrù tí ó ju agbára lọ lé ẹni tí ń ṣiṣẹ́ fún wa, àti pé bí a bá dì í, kí á bá a gbé e. Àdéhùn, òdiwọ̀n àti ìrànlọ́wọ́: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni n kò rí ní Ìsọlọ̀.

Ní ọdún 2024, ọ̀rọ̀ náà tún kàn mí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì ni mo wà. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ òbí kò rí owó ilé-kéwú san mọ́. Olùkọ́ méje ni wá. Àlàájì tí ó ni ilé-kéwú wa pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Àfáà, ẹ bá mi yan mẹ́ta tí yóò lọ, kí ẹ sì pín kíláàsì wọn láàárín ara yín."

Kọ́kọ́rọ́ Bàbá Ìbejì ni mo rántí. Mo ní, "Àlàájì, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí á pe gbogbo wọn, kí ẹ fi ìwé owó hàn wọ́n." Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ó gbà. Nígbà tí a jókòó, olùkọ́bìnrin kan dá a lábàá pé kí á pa kíláàsì lẹ́yìn ìrun Àsárì tì, kí á sì da kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké méjì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni mẹ́ta ṣe di méjì, iṣẹ́ wọn kò sì wọ àwọn tí ó kù lọ́rùn.

Ọ̀kan nínú àwọn méjì náà, láti orí alífù ni mo ti kọ́ ọ. Kí n tó lanu ni ó ti ní, "Àfáà, èmi ni mo dé kẹ́yìn." Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n wọ́n fún un ní ìkìlọ̀ oṣù kan, owó oṣù kan lé e, àti ìwé ẹ̀rí tí ó fi wá iṣẹ́ mìíràn. Ó ṣì ń wá kí mi.

Ẹ̀yin tí ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ wákàtí tí ẹ ń wọlé àti èyí tí ẹ ń jáde sílẹ̀, ẹ tọ́jú gbogbo lẹ́tà, ẹ sì jọ sọ̀rọ̀. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Bí ọ̀rọ̀ bá le, ibùdó ìpẹ̀tùsáájà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 1999 ń parí ìjà òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ tí ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́ sì wà ní Ìkòyí. Ẹ̀yin agbanisíṣẹ́, a mọ̀ pé ọjà kò tà. Ẹ pe àwọn ènìyàn yín, kí ẹ sọ òótọ́ fún wọn.

Ẹ̀yin tí wọ́n fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n lé ẹlòmíràn, ẹ má ṣe dákẹ́ bí mo ti dákẹ́. Mo wá Bàbá Ìbejì títí kí n lè tọrọ àforíjì, n kò rí i. Bí ó bá wà láyé, kí Ọlọ́hun fún un ní àlàáfíà. Bí ó bá ti kú, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Àmín.