Ìwé tí mo dì mú tí n kò lè kà

Èmi náà mọ bí ó ti rí kí ènìyàn ti ọjà dé pẹ̀lú àárẹ̀, kí ó tún mú gègé lálẹ́. Olùkọ́ ìwé Nàgó ni mí ní Ouando, nínú ìlú Àjàṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo ní. Ọ̀rọ̀ ìwé àti àwòrán ni mo fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n àṣìṣe kan tí mo ṣe ni n óò fi bẹ̀rẹ̀.

Ìyá kan wà ní kíláàsì wa. Aláró ni wọ́n, a sì ń pè wọ́n ní Ìyá Aláró. Wọ́n ti lé ní 60 ọdún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ a, b, d. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ lẹ́tà, ọwọ́ wọn kò yá rárá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n mú ìyẹ́ adìẹ, kí wọ́n tì í bọ inú ẹ̀kọ láfún, kí wọ́n máa fi ya ara aṣọ funfun: ẹyẹ, alángbá, ewé, agboòrùn ọba. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò kì í mu aró. Bí aṣọ náà bá ti inú ìkòkò jáde, tí ó gbẹ, tí wọ́n ha ẹ̀kọ rẹ̀ kúrò, kò sí ẹni tí yóò kọjá tí kò ní dúró wò ó.

Ní ọdún 2014, a fẹnu kò pé kí a ṣe ìwé tiwa, ojú ewé 4 péré, tí yóò máa jáde ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Olúkúlùkù dá 100 fránkì fún fọ́tòkópì. Olúkúlùkù yóò sì kọ gbólóhùn kan tàbí méjì. Ìyá Aláró mú bébà tiwọn wá. Kò sí lẹ́tà kan lórí rẹ̀. Ọjà Ouando ni wọ́n yà: àwọn obìnrin tí ó ru ẹrù, oní-zémi tí ó gbé ènìyàn mẹ́ta, ewúrẹ́ kan tí ń jẹ bébà. Mo ní: “Ìyá, ẹ ṣeun o, ṣùgbọ́n ìwé ni à ń ṣe. Ẹ lọ kọ ọ̀rọ̀ wá.”

Wọ́n ní: “Ó dáa, olùkọ́.” Wọ́n ká bébà náà, wọ́n so ó mọ́ etí ìró wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọn kò wá mọ́.

Mo rò pé ọjà ni kò jẹ́ kí wọ́n ráyè. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tí ó ṣẹni kì í pẹ́ gbàgbé.

Ní ọdún 2016, ọkọ àbúrò ìyá mi kú ní Òṣogbo, ní Nàìjíríà. Mo lọ síbi ìsìnkú. Bàbá arúgbó kan ń gbé ní ilé kejì, wọ́n ní àpótí kan tí ó kún fún ìwé àtijọ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé olùkọ́ ni mí, wọ́n yọ ìwé kan, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Àwòrán ńlá wà lára èèpo rẹ̀. Mo ṣí i. Gẹ̀ẹ́sì ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo mọ Nàgó kà, mo gbọ́ Faransé díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá bi mí pé: “Olùkọ́, kí ni ẹ rí níbẹ̀?” Ara mi gbóná. Mo ń yí ojú ewé bí ẹni tí ń kà á. Èmi tí mo ń kọ́ ènìyàn ní ìwé, mo jókòó níbẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ìwé rí, ojú sì ń tì mí. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní: “Ẹ fi lẹ́tà sílẹ̀. Ẹ wo àwòrán.” Mo rántí Ìyá Aláró lójijì.

Bàbá wá sọ ìtàn ìwé náà fún mi. Èyí tí mo wádìí sí i lẹ́yìn náà ni mo fi kún un.

Black Orpheus ni orúkọ rẹ̀. Ìwé àtìgbàdégbà ni, èyí ni pé ó ń jáde láti ìgbà dé ìgbà, bí èyí tí àwa ń ṣe. Ìbàdàn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1957. Ará Jámánì kan, Ulli Beier, tí ó ń kọ́ni ní yunifásítì níbẹ̀, ni ó dá a sílẹ̀ pẹ̀lú Janheinz Jahn. Ní 1956, àwọn òǹkọ̀wé adúláwọ̀ ti ṣe ìpàdé ńlá ní Paris. Ìwé àtìgbàdégbà mìíràn ni ó pè wọ́n jọ, Présence Africaine, tí Alioune Diop, ọmọ Senegal, dá sílẹ̀ ní 1947. Beier lọ sí ìpàdé náà. Ó rí i pé àwọn adúláwọ̀ tí ń kọ Faransé àti àwọn tí ń kọ Gẹ̀ẹ́sì kò mọ iṣẹ́ ara wọn. Àwa ará Àjàṣẹ́ mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Láti ibí dé ààlà Igolo kò jìnnà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti kọjá, ìwé tí àwọn ọmọ ẹbí yín ń kà ní ilé-ìwé ti yàtọ̀.

Ìwé náà tẹ iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ jáde nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì mọ̀ wọ́n: Wọlé Ṣóyínká, J. P. Clark, Christopher Okigbo. Ó tún fi iṣẹ́ àwọn ayàwòrán àti agbẹ́gilére hàn. Susanne Wenger, tí àwọn ará Òṣogbo ń pè ní Àdùnní, ni ó ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèpo ìwé náà. Báyìí ni oníwèé àti oníṣẹ́-ọnà ṣe pàdé lórí bébà. Ní 1961 wọ́n wá ilé kan lẹ́bàá ọjà Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn, kí wọ́n lè máa rí ara wọn lójúkojú. Wọ́n pè é ní Mbari. Ọ̀rọ̀ Igbo ni. Ilé amọ̀ tí ó kún fún ère, tí wọ́n ń kọ́ fún òrìṣà ilẹ̀, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Ilé yẹn dára, ṣùgbọ́n àwọn tí ó jáde yunifásítì ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Òṣogbo ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Dúró Ládípọ̀ jẹ́ olùkọ́ àti akọrin ní ìlú náà. Ó ti lo ìlù Yorùbá nínú orin ìjọ, inú àwọn àgbà ìjọ kò sì dùn sí i. Ó ní ilé ọtí kan. Ní oṣù March ọdún 1962, ó sọ ọ́ di irú ilé ti Ìbàdàn. Àwọn ará ìlú gbọ́ orúkọ náà, “Mbari”, wọn kò mọ̀ pé Igbo ni. Wọ́n fi ti Yorùbá sí i: Mbari Mbayo, bí mo bá rí i, n óò yọ̀. Mo fẹ́ràn ibi yìí jù nínú ìtàn náà. Kò sí ẹni tí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀mọ̀wé kankan kí wọ́n tó sọ ọ́ di tiwọn.

Ẹ wo àwọn tí ó rọ́ wọ ilé náà. Asírù Ọlátúndé, alágbẹ̀dẹ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu àwòrán sára bàbà àti irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Adébísí Àkànjí, bíríkìlà ni. Ó fi sìmẹ́ńtì ṣe ère. Jimoh Buraimoh ni ó ń tan iná fún àwọn òṣèré Dúró Ládípọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ pátákó di àwòrán. Twins Seven-Seven, oníjó ni. Láàárín 1962 sí 1964, Denis Williams, ọmọ Guyana, àti Georgina Beier lẹ́yìn rẹ̀, fún wọn ní ọ̀dà àti bébà, wọ́n ní kí wọ́n máa ṣe é bí ó ti wá sí wọn lọ́kàn. Ní 1964 Dúró Ládípọ̀ gbé eré rẹ̀, Ọba Kò So, lọ sí Berlin.

N kò ní fi ibi tí kò dùn pamọ́. Lára owó tí wọ́n fi ń ná Mbari àti ìwé náà ti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan ní Paris wá. Ní 1966 àti 1967 ó hàn sí gbogbo ayé pé CIA, ilé iṣẹ́ amí Amẹ́ríkà, ni ó wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ náà. Àwọn oníṣẹ́-ọnà tí wọ́n ya àwòrán kò mọ̀. Ó dùn mí nígbà tí mo gbọ́. Láti ìgbà náà, 100 fránkì tiwa wù mí.

Nígbà tí mo padà dé Ouando, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá kan ní àdúgbò wa. Wọ́n kàwé ní Rọ́ṣíà ní ayé ìjọba Kérékou, nígbà tí à ń tẹ̀lé ọ̀nà Marx. Wọ́n ní irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí lọ́hùn-ún. Ní 1898, ní Saint-Pétersbourg, Sergei Diaghilev àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé àtìgbàdégbà kan, Mir iskusstva, ìtumọ̀ rẹ̀ ni Ayé Iṣẹ́-Ọnà. Diaghilev kì í ṣe ayàwòrán. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó kó àwọn ayàwòrán jọ, bí Alexandre Benois àti Léon Bakst. Ìwé náà gbé iṣẹ́ ọwọ́ tí ó jọ ti àwọn ará oko sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán àwọn ọ̀gá. Obìnrin olówó kan, Maria Tenisheva, àti oní-rélùwéè kan, Savva Mamontov, ni ó kọ́kọ́ ná owó sí i. Ní 1904 owó tán, ìwé náà dúró. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kó jọ ti mọ ara wọn. Ní 1909 Diaghilev kó oníjó lọ sí Paris, Bakst àti Benois sì wà lára àwọn tí ó ya aṣọ àti ìran eré wọn.

Bàbá náà wá bi mí pé: “Ta ni ẹ̀yin ti kó jọ?”

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí ilé Ìyá Aláró. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní àwòrán ọjà yẹn. Wọ́n ní: “Bébà yẹn? Mo ti fi dáná.” Wọn kò bínú bí wọ́n ti ń sọ ọ́, ìyẹn sì dùn mí ju ìbínú lọ. Mo jókòó. Mo sọ ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ àti bíríkìlà Òṣogbo fún wọn, àti bí mo ti di ìwé mú tí n kò lè kà á. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọlé, wọ́n mú àbọ̀ aṣọ kan jáde, ẹyẹ méjì tí ó kọjú síra wọn. Wọ́n ní kí n mú un lọ.

A fi ẹyẹ náà ṣe èèpo ìwé wa. Ẹ̀rọ fọ́tòkópì kò mọ àwọ̀, dúdú ni ó gbé jáde. Mo mú ọ̀kan lọ fún wọn. Wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. Wọ́n ní: “Olùkọ́, ẹ ti sọ aró mi di èédú.” Ṣùgbọ́n wọ́n ká a, wọ́n so ó mọ́ etí ìró wọn.

Wọn kò padà sí kíláàsì. Bí ìwé bá kù díẹ̀ kí ó jáde, wọ́n máa ń rán ọmọ-ọmọ wọn wá pẹ̀lú aṣọ kan, àti 100 fránkì.