Ẹ̀rọ Wà, Ṣọ́ọ̀bù Ńkọ́?

Bí ìbò bá ti ń sún mọ́lé, ẹ̀rọ ìránṣọ a máa pọ̀ nígboro. Wọ́n á ta kánópì sórí pápá ilé ìwé, wọ́n á to ẹ̀rọ ìránṣọ, dírayà onídìrí àti ẹ̀rọ ìlọta sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ, wọ́n á lẹ fọ́tò olóṣèlú mọ́ ọn lára. Àwọn ọmọbìnrin á tò sórí ìlà, wọ́n á máa pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kúnlẹ̀ gba ẹ̀rọ, wọ́n á ya fọ́tò. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ẹ̀rọ ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá wọn. Kó tó pé oṣù mélòó kan, òmíràn ti dọ́jà, wọ́n ti lù ú ní gbàǹjo. Àwọn tó fún wọn lẹ́rọ á wá máa sọ pé àwọn ọmọ ìwòyí ò fẹ́ ṣiṣẹ́, owó ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí, torí mo mọ àwọn ọmọ tí wọ́n ń sọ ọ́ sí. Wọn ò sá fún iṣẹ́. Ibi tí wọn yóò gbé ẹ̀rọ náà kà ni wọn ò ní.

Ìbàdàn ni mò ń gbé, ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan sì kọjú sí ilé wa gan-an. Ojú mi ni ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ṣe wọ ibẹ̀ tí wọ́n sì jáde. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ò lágbára àtirán an lọ yunifásítì, tàbí tó ṣe JAMB títí tí kò rọ́nà gbà, ni wọ́n sábà máa ń mú wá. Òbí á san owó ìkọ́ṣẹ́, wọ́n á tọwọ́ bọ̀wé ọdún méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ gbígbá, omi pípọn àti ọmọ ọ̀gá gbígbé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ló máa kan bọ́tìnnì dídè, kó máa lọ aṣọ, kó máa tú èyí tí ọ̀gá rán tí kò bá oníbàárà lára mu. Ó ṣe díẹ̀ kí wọ́n tó gbé àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́ pé kó gé aṣọ olówó. Mo ti rí ọmọ kan tó tẹ́ léèsì oníbàárà sórí tábìlì, tó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i, tó tún fi téèpù wọ̀n ọ́n léraléra, tí kò lè gé e títí ọ̀gá fi dé ẹ̀yìn rẹ̀ tó ní, "Gé e, mo wà níbí."

Ọjọ́ fúrídọ̀mù, tí ọmọ iṣẹ́ ń gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá, lọ́jọ́ ayọ̀. Wọ́n á tẹ́ ẹní, ọmọ iṣẹ́ á kúnlẹ̀ sórí rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, wọ́n á fi téèpù kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n á fi àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́. Ọ̀gá á gbọ́wọ́ lé e lórí: "Bí o ṣe sìn mí, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò sìn ọ́. Ọwọ́ rẹ ò ní ya ọ̀lẹ, oníbàárà rere ni yóò máa wá ọ." Gbogbo ilé á ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ayẹyẹ náà ní owó tirẹ̀: owó ẹgbẹ́, owó sáfíkéètì, oúnjẹ àti ohun mímu tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ yóò fi ṣàdúrà. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ ti yé wọn, tí ọdún wọn ti pé, tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ ọ̀gá nítorí wọn ò tíì rówó fúrídọ̀mù.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ náà wà tí mo sún mọ́ dáadáa, àǹtí ló máa ń pè mí. Bó ṣe gba fúrídọ̀mù tán ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá ṣọ́ọ̀bù. Yàrá kan péré ló rí, tó kọjú sí títì, tí kò ní fèrèsé lẹ́yìn. Onílé ní kó san ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kó san owó àgíríméǹtì, kó san kọmíṣọ́nnì fún ájẹ́ǹtì. Gbogbo owó tó ti kó jọ láti ìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ ọ̀gá kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Ní Èkó, tí kì í ṣe ìpínlẹ̀ tiwa, òfin ilé yíyá tí wọ́n ṣe ní 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, òfin náà sì kan ilé ìtajà. Ṣùgbọ́n ní Èkó náà, ọ̀pọ̀ onílé ṣì ń gba ọdún méjì. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, níbo ló ti fẹ́ rí lọ́yà tí yóò bá a pe onílé lẹ́jọ́? Ó padà sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, wọ́n jọ ṣàdéhùn pé iye aṣọ tó bá rán ni wọn yóò máa sanwó rẹ̀ fún un. Ìgbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀ àjọ.

Mo fẹ́ràn láti máa wo alájọ wọn. Ìyálẹ̀ta ló máa ń dé, báàgì aláwọ̀ kọ́rùn, bírò létí. Káàdì àjọ jẹ́ páálí kékeré tí wọ́n fà ní ìlà ìlà, ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Á gba owó, á sàmì sí ti òní, á kí ẹni tí kò rí dá pé ọ̀la ń bọ̀, á kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Bí oṣù bá parí, owó ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ, ìyókù jẹ́ ti ẹni tó ń dá a. Èlé ò sí níbẹ̀. Àwọn tó mọ ìwé gan-an ti bi mí rí pé kí ló dé tí èèyàn á fi máa sanwó kí wọ́n tó lè bá a tọ́jú owó ara rẹ̀, nígbà tí báǹkì wà, tí fóònù sì lè gba owó pamọ́. Wọn ò tíì bá àkọ́bí obìnrin gbé nínú ilé tí owó ti ṣọ̀wọ́n.

Bàbá ọmọ yìí ń gun ọ̀kadà, ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀fọ́. Àbúrò mẹ́ta ló ní. Bí ẹnjìnnì ọ̀kadà bá kọṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Bí ìyá àgbà ní abúlé bá nílò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, òun náà ni. Wọn kì í fi tipátipá gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ á kàn wọlé lálẹ́, á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á ní, "Ìyá mi, wọ́n ní ọjọ́ Ẹtì ni ìparí owó WAEC àbúrò rẹ o." Á sì dákẹ́. Ta ni yóò gbọ́ ìyẹn lẹ́nu ìyá rẹ̀, tí owó á sì wà nínú fóònù rẹ̀, tí yóò ní òun ò ní? Ṣùgbọ́n bí owó bá wà lọ́wọ́ alájọ, ó lè sọ òótọ́ láìtijú: "Màmá, ó di ìparí oṣù kí n tó rí i gbà." Nígbà tí oṣù bá fi máa parí, ilé á ti wá ọ̀nà mìíràn, tàbí kí wàhálà náà ti rọlẹ̀. Owó tó ń san fún alájọ lóṣooṣù, owó olùṣọ́ ni, mo sì gbà pé ó tó bẹ́ẹ̀.

Mi ò bínú sí ìyá yẹn. Ẹ̀fọ́ tó tà ló fi bọ́ ọmọ rẹ̀ ní gbogbo ọdún tó fi wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, tó sì ti ń rí owó díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, kò sẹ́ni tó ń jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. Wọ́n ní ẹ jẹ́ kó kó owó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ. Inú ilé kan náà lèyí ti ń ṣẹlẹ̀, láàárín àwọn tó fẹ́ràn ara wọn, bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi hàn sí wọn.

Àwọn kan ò lè dúró de àjọ, wọ́n sì yá owó lẹ́gbẹẹgbẹ́ lọ́wọ́ àwọn ayánilówó, èyí tí aráàlú ń pè ní gbómúlélántà. Àwọn obìnrin á kó ara wọn jọ, wọ́n á dúró fún ara wọn, wọ́n á máa san án lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀. Bí ẹnì kan ò bá mú tirẹ̀ wá lọ́jọ́ ìpàdé, wọn ò ní jẹ́ káwọn yòókù lọ. Fún ẹni tó ń ta tòmátì, tó ń rówó lójoojúmọ́, ó lè bá a lára mu. Iṣẹ́ aránṣọ ò rí bẹ́ẹ̀. Iléyá, Àjíǹde àti oṣù Kejìlá lowó rẹ̀ ń wọlé, nígbà aṣọ ẹbí. Nínú oṣù Kejì, èèyàn lè jókòó ti ẹ̀rọ kó má rí ju zíìpù tó bàjẹ́ lọ, ọjọ́ ìpàdé ò sì mọ̀ pé oṣù Kejì ni. Ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé lọ bí gbèsè bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìjọba àpapọ̀ náà gbé ètò ẹ̀yáwó TraderMoni jáde ní 2018, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 10,000 náírà fún oníṣòwò kéékèèké kọ̀ọ̀kan. Ó wúlò fún ẹni tó ń ta bísíkíìtì lórí àtẹ. Kò lè gba ṣọ́ọ̀bù fún ẹnikẹ́ni.

Ọdún 2023 wá dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó náírà, owó bébà wọ́n ju góòlù lọ, alájọ pàápàá ń wá, kò rí nǹkan gbà. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà epo bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ lé ní 500, nígbà tí 2024 sì ń lọ sópin, ó ti kọjá 1,000. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ìlọ́tí, èyí tí wọ́n fi ń lọ́ etí aṣọ kó má baà tú, ò ṣeé fẹsẹ̀ tẹ̀, iná ló ń lò. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, áyọ́ọ̀nù eléèédú padà sórí tábìlì. Oníbàárà tó fẹ́ rán búbà àti ìró ò sì fẹ́ gbọ́ pé owó iṣẹ́ ti wọ́n.

Èèyàn mẹ́wàá, tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dún tó súnmọ́ra, tí ọmọ yìí sì wà lára wọn, ló dá èsúsú sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Oṣooṣù, gbogbo wọn á dáwó, ẹnì kan á sì kó gbogbo rẹ̀. Ètò yìí ti wà lọ́wọ́ wa tipẹ́ débi pé àwọn baba ńlá wa gbé e dé Trinidad láyé oko ẹrú, wọ́n ṣì ń dá a níbẹ̀ títí dòní. William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ odindi àpilẹ̀kọ lé e lórí ní 1952. Owó rẹpẹtẹ lọ́wọ́ kan ni ọmọbìnrin tálákà ń wá, èsúsú sì lè fún un láìbi í pé ilé ta ni yóò fi dúró.

Àwa tó ti dàgbà ńkọ́? Ìbàdàn yìí náà ni Alhaja Humuani Àlàgá ti ta aṣọ títí ó fi dolówó, òun àti àwọn obìnrin Mùsùlùmí ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì dá Isabatudeen Girls' Grammar School sílẹ̀ ní 1964. Àwọn obìnrin tó ní ilé tó kọjú sí títì pọ̀ nínú wa lónìí. A ń gbàdúrà fún àwọn ọmọ yìí lọ́jọ́ fúrídọ̀mù, a sì ń gba ọdún méjì lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ kejì. Kí onílé kan ṣoṣo gba oṣù mẹ́fà-mẹ́fà lọ́wọ́ ọmọ kan, yóò wúlò ju ẹ̀rọ mẹ́wàá lábẹ́ kánópì lọ. Olóṣèlú tó bá sì fẹ́ ná owó, kó san owó ṣọ́ọ̀bù ọdún kan fún ọmọ méjì méjì, kó jẹ́ kí wọ́n jọ pín in.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọmọ tí mò ń wí yìí ṣe rọ́nà. Nígbà tí èsúsú kàn án, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ da owó pọ̀. Obìnrin opó kan gba owó ọdún kan lọ́wọ́ wọn, ó ní bí wọ́n bá rán aṣọ ìsìn àwọn ọmọ òun, òun á yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ kan wà lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tábìlì ìgéṣọ wà láàárín, wọ́n sì ń jà lórí ẹni tó yẹ kó ra epo jẹnẹrétọ̀. Ìdajì owó ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó gé aṣọ, kò sí àwìn, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n wọlé ni wọ́n ti gba káàdì tuntun lọ́wọ́ alájọ, ti owó ṣọ́ọ̀bù ọdún tó ń bọ̀.