Ibi Tó Nípọn, Ibi Tó Tín-ín-rín

Ẹ tẹ lẹ́tà «o» ní fọ́ǹtì Bodoni tó dúdú jù, kí ẹ sọ ọ́ di ńlá. Ọ̀tún àti òsì rẹ̀ nípọn, wọ́n kún fún yíǹkì. Òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín débi pé ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ fò ó. Ẹsẹ̀ tó wà nídìí «n» àti «l» náà jẹ́ ìlà gbọọrọ kan, tí kò tẹ̀, tí kò sì yí. Ẹwà rẹ̀ wà níbẹ̀.

*

Wọ́n bí Giambattista Bodoni, ẹni tí fọ́ǹtì yìí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ní Saluzzo, ní Ítálì, ní 1740. Òǹtẹ̀wé ni bàbá rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé Propaganda Fide ní Róòmù kí Duke ìlú Parma tó ní kó wá máa darí ilé ìtẹ̀wé òun ní 1768. Ó kú ní 1813 láìrí ẹ̀dà ìkẹyìn ìwé tó kó àwọn lẹ́tà rẹ̀ jọ. Margherita Dall'Aglio, opó rẹ̀, ló ṣe é dópin tó sì gbé e jáde ní 1818. Ó yẹ kí a máa dárúkọ obìnrin yìí nígbàkígbà tí a bá dárúkọ ọkọ rẹ̀.

*

Ní Paris, ìdílé Didot ń ṣe irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà kan náà. Bébà tó dán ló jẹ́ kó ṣeé ṣe: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kì í dúró lórí bébà tó rí ṣágiṣàgi.

*

Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ló wá bọ́ irú lẹ́tà yìí sanra ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, torí pósítà. Ẹni tó ń kọjá lọ kò ní dúró kàwé. Lẹ́tà ló gbọ́dọ̀ dá a dúró.

*

Àkọlé ló bá irú lẹ́tà yìí mu. Bí a bá fi kọ ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ á pòórá, «m», «n» àti «u» á tò bí igi ọgbà. Ìdí nìyẹn tí fọ́ǹtì ITC Bodoni, tó jáde ní 1994, fi ní ẹ̀yà mẹ́ta: ti ìwọ̀n póìntì 6, ti 12 àti ti 72. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ti 6 ló nípọn jù nínú wọn.

*

Èdè wa ló ń dán fọ́ǹtì yìí wò jù. Kọ̀ǹpútà ní kóòdù kan fún «ẹ», ó ní òmíràn fún «é», ṣùgbọ́n kò ní ẹyọ kan fún «ẹ́». Ààmì ohùn ni a ń gbé lé «ẹ» lórí. Bí ẹni tó ya fọ́ǹtì kò bá fi ibi tí ààmì máa jókòó sí hàn án, ààmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó gun lẹ́tà mọ́lẹ̀. Òmíràn tún wà: ayàwòrán á ya ààmì náà tẹ́ẹ́rẹ́ kó lè bá ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ mu, ẹni tó dúró lókèèrè kò sì ní rí i mọ́. Lójú tèmi, ó yẹ kí ààmì ohùn Yorùbá nípọn, kí àmì tó wà nísàlẹ̀ «ṣ» sì tóbi tó ti orí «i».

*

Àlàfo láàárín ìlà ọ̀rọ̀ méjì náà ṣe pàtàkì. Bí ó bá há, àmì ìsàlẹ̀ «ọ» tòkè á kan ààmì ohùn tìsàlẹ̀.

*

Kí ẹ tó sanwó fọ́ǹtì, ẹ fi tẹ «Ọ̀ṣun», «ẹ̀gbọ́n» àti «ńlá». Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ẹ rìn sẹ́yìn dáadáa kí ẹ tó wò ó.