Ẹ San Owó Ìwọlé

Iṣẹ́ tèmi nínú tíátà kò sí lórí ìtàgé rárá. Ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń jókòó sí, tí mo ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì, tí mo ń wá ṣéńjì kiri. Ẹgbẹ́ wa kéré, a ò ju méjìlá lọ, Bódìjà la ti máa ń dánra wò. Ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé wà nínú wa, ọmọ Ìgbò kan wà tí bàbá rẹ̀ ń ta páàtì mọ́tò, ọmọbìnrin Háúsá kan ń ti Sábó wá, àgùnbánirọ̀ kan sì wà tó jẹ́ Ìdọ̀mà. Tí eré bá ti gbóná, èdè mẹ́rin lè pàdé nínú ìran kan, àfi bíi Micra tó ń ti Dùgbẹ̀ lọ sí Àgbowó.

Nígbà tí ẹni tó ni gbọ̀ngàn fowó lé owó, a lọ bá bàbá olówó kan ní Challenge pé kí wọ́n ràn wá lọ́wọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni bàbá bi wá: "Ṣé eré Yorùbá ni àbí eré àwọn àjòjì? Ẹ mú ọ̀kan." Olùdarí wa kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Eré Ìbàdàn ni." Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n fún wa ní píọ́ wọ́tà, wọ́n ò fún wa lówó.

Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí títí dòní, torí àwọn tó sọ Ìbàdàn di ìlú ìtàgé kò ti ibì kan náà wá. Ní 1961, nítòsí ọjà Dùgbẹ̀, ni ẹgbẹ́ Mbari bẹ̀rẹ̀. Ulli Beier tó jẹ́ ará Jámánì wà níbẹ̀, Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, J.P. Clark, Christopher Okigbo, àti Ezekiel Mphahlele láti South Africa. Orúkọ náà, Ìgbò ni: ilé amọ̀ tí àwọn ará agbègbè Owerri máa ń mọ, tí wọ́n ń fi ère kún, fún Ala, òrìṣà ilẹ̀. Nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ ṣí tirẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962, etí Yorùbá ni wọ́n fi gbọ́ ọ níbẹ̀. Ó di Mbárí Mbáyọ̀: bí mo bá rí i, n ó yọ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé Lànkẹ́ Ọ̀mu sórí ìtàgé Arts Theatre ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ wò ó: Amos Tutùọlá ọmọ Abẹ́òkúta ló kọ ìwé náà ní Gẹ̀ẹ́sì, Ògúnmọ́lá sọ ọ́ di Yorùbá, Demas Nwoko ọmọ Idumuje-Ugboko ló ṣe ọ̀ṣọ́ ìtàgé. Nwoko yìí náà ló kọ́ New Culture Studio sí Mọ́kọ́lá. Ní 2023, wọ́n fún un ní Golden Lion ní Venice fún iṣẹ́ ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ń gba Mọ́kọ́lá kọjá lójoojúmọ́, a ò sì mọ̀ pé ilé náà wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó ta ni wọ́n ń ná? Rockefeller Foundation ti Amẹ́ríkà ló ran School of Drama lọ́wọ́ ní Yunifásítì. Congress for Cultural Freedom ló ń fún Mbari lówó, nígbà tó sì di 1967, ayé ti gbọ́ pé CIA ló wà lẹ́yìn wọn. (Ẹ ò rí nǹkan!) Tiwa ńkọ́? Ẹni tí mo lè tọ́ka sí ni Fẹ́mi Johnson, oníṣòwò adójútòfò tó kọ́ Broking House, ilé onígíláàsì Dùgbẹ̀ yẹn. Olówó ni, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ń bá àwọn Ṣóyínká ṣeré lórí ìtàgé. Bàbá Challenge ì bá tiẹ̀ wá jókòó lẹ́ẹ̀kan péré.

Wọn ì bá rí ohun tí mo máa ń rí láti ẹnu ọ̀nà. Ọmọbìnrin Sábó wa á dápàárá ní Háúsá, ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí ìyá rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò wọn wà, á bú sẹ́rìn-ín. Iwájú á dákẹ́ lọ gbári. Ẹnìkan á wá yíjú padà, á béèrè pé, "Kí ló wí?" Wọ́n á sọ fún un. Ẹ̀rín kejì á wá bẹ̀rẹ̀ láti àárín, á máa lọ síwájú díẹ̀díẹ̀. Àwọn òṣèré ti mọ̀ ọ́n báyìí, wọ́n máa ń dúró dè é.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ bíi tèmi, ibi tó kàn yín rèé. Ẹ ń sanwó sinimá ní mọ́ọ̀lù Ring Road, ẹ ń sanwó ṣawámà. Tó bá kan tíátà àdúgbò, ó di "Àǹtí, ẹ jẹ́ n wọlé jàre, mo mọ dàírẹ́kítọ̀." Èmi náà mọ̀ ọ́n, mo sì ń sanwó. Owó yẹn la fi ń ra epo jẹnẹrétọ̀, òun la fi ń wọkọ̀ padà sílé lóru. Àgùnbánirọ̀ wa ń parí ìsìnlú rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, eré yìí la ó ṣe kẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀. Ìdajì owó gbọ̀ngàn ṣì kù. Tíkẹ́ẹ̀tì ogójì wà nínú báàgì mi. Gate ni mò ń gbé e lọ báyìí, tí n bá kúrò níbẹ̀, ó di Sábó.