Abẹ́òkúta àti Káfíńtà Kan Tó Ti Camden Wá

Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, sí Houston, sí Toronto, bí ẹ bá délé, orí Olúmọ ni àwọn ẹ̀gbọ́n yóò kọ́kọ́ mú yín lọ. Ẹ gùn ún. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sáré dé òkè lọ ya fọ́tò àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà, ẹ dúró nísàlẹ̀, nínú ihò àpáta tí àwọn ará ìjọ́sí sá sí. Ẹ wolẹ̀. Ẹ ó rí àwọn kòtò kéékèèké lára òkúta náà, ibi tí àwọn obìnrin ti ń lọ oúnjẹ nígbà tí ogun kò jẹ́ kí wọ́n jáde. Ẹ ti ọwọ́ bọ ọ̀kan. Ó dán bí inú ọpọ́n. Ọwọ́ ènìyàn ló lọ̀ ọ́ dán bẹ́ẹ̀, lójoojúmọ́, pẹ̀lú ìbẹ̀rù.

Àwọn obìnrin yẹn kì í ṣe ará Abẹ́òkúta. Kò tíì sí ìlú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Asásálà ni wọ́n. Ogun ti tú ìlú wọn ká nínú igbó Ẹ̀gbá, nígbà tó sì di 1830, Ṣódẹkẹ́, aṣáájú wọn, kó wọn jọ síbí yìí. Aké, Ìjemọ̀, Kémta, Ìtókò, Ìgbẹ́ìn, Ìkìjà: oníkálukú gbé orúkọ ìlú rẹ̀ tó ti jóná dání, ó sì fi sọ àdúgbò tuntun. Àwọn Òwu, tí ìlú tiwọn náà ti parun, wá bá wọn lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Títí dòní, bí ẹ bá bi àgbàlagbà kan níbẹ̀ pé ọmọ ibo ni, Kémta tàbí Òwu ni yóò fi dá yín lóhùn kó tó darúkọ Abẹ́òkúta.

Mo mọ ohun tó ń dùn ọ̀pọ̀ nínú yín. Ẹ rò pé bí ẹ bá ti lanu, wọ́n á gbọ́ ohùn yín, wọ́n á sì mọ̀ pé ẹ kì í ṣe ọmọ ìlú tòótọ́. Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìtàn James Churchwill Vaughan, ọkùnrin tó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá, tó gbé ìbọn nínú ju ẹgbẹ́ ogun kan lọ, tí Abẹ́òkúta gbà sílé, tí Abẹ́òkúta sì tún lé jáde. Kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn tí a máa ń kì nígbà ọdún Líṣàbí. Síbẹ̀, ìtàn rẹ̀ ló jẹ́ kí n mọ irú ìlú tí a jẹ́.

Camden ní South Carolina ni wọ́n ti bí i ní 1828. Church ni àwọn ará ilé rẹ̀ ń pè é. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni Scipio bàbá rẹ̀, ẹni tó ti ṣe ẹrú kí ó tó di òmìnira. Maria Conway ìyá rẹ̀ kò ṣe ẹrú rí, òfin ibẹ̀ sì ni pé ipò ìyá ni ọmọ ń jogún, nítorí náà òmìnira ni Church láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Irú òmìnira wo nìyẹn ná? Aláwọ̀ dúdú tó bá jẹ́ òmìnira ní South Carolina nígbà náà gbọ́dọ̀ ní òyìnbó kan tó ń ṣe alágbàtọ́ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ san owó orí tirẹ̀ lọ́tọ̀, bí ó bá sì fi ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀, òfin kò gbà á láyè láti padà. Ọkùnrin tó tó ọkùnrin, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun, kò lè di ìbọn mú bí ó ti wù ú.

Scipio kú ní 1840. Ohun tí ó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ kó tó kú ni pé kí wọ́n padà sí Áfíríkà. Ìtàn tí ìdílé náà ń sọ láti ìran dé ìran ni pé ọmọ Òwu ni Scipio, pé ilà ojú rẹ̀ ni Church fi dá àwọn ìbátan rẹ̀ mọ̀ nígbà tó dé ilẹ̀ Yorùbá. Lisa Lindsay, òpìtàn tó kọ ìwé Atlantic Bonds nípa Vaughan, tọ pinpin ìtàn yìí, kò sì gbà á bẹ́ẹ̀. Èmi kò ní bá ìdílé kankan jà lórí ìtàn bàbá wọn. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, Vaughan kò nílò ilà ojú ẹnikẹ́ni kó tó lè jẹ́ tiwa. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣe.

Ní ìparí ọdún 1852, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Làìbéríà. Orílẹ̀-èdè yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní 1847 ni, Joseph Jenkins Roberts tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú láti Virginia ló sì ń ṣe ààrẹ rẹ̀. Ìjọba ibẹ̀ kò ní ọmọ ogun púpọ̀, nítorí náà àwọn ọkùnrin tó bá ti òkè òkun dé ni wọ́n ń fi sínú ẹgbẹ́ ológun ìlú, tí wọ́n ń kọ́ wọn ní ìbọn yíyìn, tí wọ́n sì ń kó lọ bá àwọn ọba tó wà létíkun jà nígbà tí ìjà bá dé. Bí Vaughan ṣe kọ́kọ́ di ológun nìyẹn. Ẹ rò ó wò. Ọmọ tí South Carolina kò fẹ́ kó dá di ìbọn mú, òun ni Làìbéríà gbé ìbọn fún pé kó máa ṣọ́ ìlú. Àwọn tí wọ́n sì ń tọ́ka ìbọn yẹn sí ni àwọn ọmọ onílẹ̀. Kò rọrùn láti gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé, ṣùgbọ́n kò yẹ ká gé e kúrò.

Kò pẹ́ níbẹ̀. Ní 1855, àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi tó ti gúúsù Amẹ́ríkà wá gbà á síṣẹ́ káfíńtà, ó sì bá wọn wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ológun ni ẹni tó kọ́kọ́ la ọ̀nà yìí fún wọn, Thomas Jefferson Bowen. Kó tó di oníwàásù, ó ti jagun ní Georgia, ó sì ti bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Texas ṣe nígbà tí Texas ṣì ń dá dúró. Ìjàyè ni àwọn Onítẹ̀bọmi tẹ̀dó sí, ìlú Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Iṣẹ́ Vaughan níbẹ̀ ni gbígbẹ́ ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kíkan bẹ́ǹṣì, títẹ́ òrùlé. Fún ọdún bíi márùn-ún, igi ló ń bá sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859. Àṣà Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni pé Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n fi Adélù tó jẹ́ Àrẹ̀mọ jọba. Kúrunmí ní òun kò lè forí balẹ̀ fún ọba tó yẹ kó ti kú. Ìbàdàn gbèjà Aláàfin, Ìbíkúnlé ló jẹ́ balógun wọn, Ògúnmọ́lá sì ni ọ̀tún. Àwọn Ẹ̀gbá láti Abẹ́òkúta wá gbèjà Ìjàyè. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1860. Vaughan wà nínú rẹ̀. Àwọn àlejò bíi tirẹ̀, tí wọ́n mọ ìbọn àwọn òyìnbó lò, ṣe ìrànwọ́ ńlá fún àwọn tó ń ṣọ́ odi, nítorí ṣakabùlà ni ọ̀pọ̀ jagunjagun ń lò, kò sì lè ta jìnnà. Nínú rògbòdìyàn àwọn ọdún wọ̀nyí, wọ́n mú òun alára nígbèkùn rí, ó sì bọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú odi Ìjàyè burú ju ìró ìbọn lọ. Ìyàn mú. Ibùdó ogun ti dí ọ̀nà oko, àwọn òbí ń fi ọmọ wọn sọfà nítorí oúnjẹ ọjọ́ kan. Àwọn míṣọ́nnárì kó nínú àwọn ọmọ náà sọ́dọ̀, wọ́n sì ń kó wọn lọ sí Abẹ́òkúta díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin Kúrunmí kú lójú ogun, òun náà sì kú ní 1861. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta, 1862, Ìjàyè fọ́.

Gbogbo ẹni tó lè rìn ló kọrí sí Abẹ́òkúta. Abẹ́òkúta sì ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ìgbà Ṣódẹkẹ́, ó fún wọn nílẹ̀. Àdúgbò Ìjàyè tó wà nínú Abẹ́òkúta dòní nìyẹn, ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi àkọ́kọ́ nínú ìlú wa sì wà ní àdúgbò náà. Vaughan dé pẹ̀lú wọn, ó fẹ́ Sarah Ọmọ́táyọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ilé tuntun.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti wo fíìmù The Woman King, inú yín sì dùn sí àwọn obìnrin ológun Dàhómì. Akíkanjú ni wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí láti ẹnu ẹni tó jẹ́ ọmọ ìlú tí wọ́n wá bá: lẹ́ẹ̀mejì ni àwọn obìnrin yẹn àti àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn wá sí odi Abẹ́òkúta, àkọ́kọ́ ní oṣù kẹta 1851 nígbà Ghezo, ìkejì ní oṣù kẹta 1864 nígbà ọmọ rẹ̀ Glele. Wọn kò wá gba ẹrú kankan sílẹ̀. Àwa ni wọ́n fẹ́ kó lẹ́rú. Inú odi ni àwọn Ẹ̀gbá, Òwu, àwọn Sàró tó ti Freetown padà, àti àwọn Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà jọ wà, àwọn Ìjàyè náà sì wà níbẹ̀ nígbà ìkejì, Dàhómì sì padà sílé lẹ́ẹ̀mejèèjì pẹ̀lú òkú tó pọ̀. Nígbà ti 1864 yẹn, Vaughan ń gbé nínú odi náà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ohun tó kọ́ ní Làìbéríà àti ní Ìjàyè, òun gan-an ni ìlú ń wá lọ́wọ́ irú rẹ̀.

Bí mo bá dúró níbí, ìtàn náà yóò dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kì í ṣe àlejò tí à ń fi ìyàrá àlejò nìkan hàn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó ní 1861, Glover, olórí ìjọba wọn níbẹ̀, sì bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ agbára rẹ̀ wọ ilẹ̀ tí Ẹ̀gbá kà sí tirẹ̀. Ní 1865, ọmọ ogun rẹ̀ lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò lẹ́yìn odi Ìkòròdú. Ọ̀rọ̀ náà ń ká Abẹ́òkúta lára. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá, 1867, àwọn èrò tú jáde, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kó o, wọ́n bà á jẹ́, wọ́n sì fọ́ ẹ̀rọ tí míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì náà Henry Townsend fi ń tẹ Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́, láti 1859. Ifọ́lé la ń pè é. Ẹ̀rù Gẹ̀ẹ́sì tó ń ba Ẹ̀gbá nígbà náà ní ìdí, n kò lè dá wọn lẹ́bi lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọn gbé nínú odi nígbà tí Dàhómì dé wà lára àwọn tó sá lọ sí Èkó, pẹ̀lú aya àti ọmọ, láìní nǹkan kan lọ́wọ́. Ìyẹn dùn mí, mo sì fẹ́ kó dun ẹ̀yin náà.

Ní Èkó, Vaughan padà sídìí igi, lẹ́yìn náà ó ń ta irin, ìṣó àti irinṣẹ́, ó sì di ọlọ́rọ̀. Nígbà tí míṣọ́nnárì òyìnbó tó ń darí ìjọ Onítẹ̀bọmi lé pásítọ̀ Moses Ládèjọ Stone kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìbá ìjọ sọ ọ́, Vaughan wà nínú àwọn aṣáájú tó ní àwọn kò gbà. Wọ́n kúrò ní 1888, wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, èyí tó di Ebenezer Baptist. Ẹni tó ti gbé ìbọn rí ni, ṣùgbọ́n ìjà tó le jù tó jà ní Èkó, kò sí ìbọn nínú rẹ̀.

Ó kú ní 1893. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bí ọmọ-ọmọ rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní James Churchwill. Ọmọ náà lọ kọ́ ìṣègùn ní Glasgow, ó padà wálé, ó sì wà nínú àwọn tó dá Lagos Youth Movement sílẹ̀ ní 1934. Obìnrin kan tún wà, Kofoworọlá Moore, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ bíbí ìdílé Vaughan. Òun ni obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gboyè ní Oxford, ní 1935. Ẹ tún gbọ́ ẹni tó fẹ́: Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, ọmọ Aláké Adémọ́lá Kejì. Ìlú tó lé baba ńlá jáde, ọmọọba ìlú náà ló wá gbé ọmọ-ọmọ níyàwó. Òun ni ẹ ó máa gbọ́ tí wọ́n ń pè ní Lady Kofo Adémọ́lá.

Nítorí náà, bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lórí Olúmọ, ẹ ní kí wọ́n mú yín dé Ìjàyè, kì í ṣe ààfin Aké àti ṣọ́ọ̀ṣì Peteru Mímọ́ nìkan. Bí ẹ bá dé agbolé tiyín, ẹ kúnlẹ̀ tàbí ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ki yín tán, lẹ́yìn náà kí ẹ bi ìyá tó dàgbà jù níbẹ̀ léèrè ìlú tí àwọn tó kọ́kọ́ kọ́lé sí agbolé náà ti wá, àti ìlú tí àwọn ìyàwó wọn ti wá. Ẹ kọ orúkọ àwọn ìlú náà sílẹ̀, ẹ kọ ti àwọn ìyàwó pàápàá, nítorí àwọn ni a máa ń gbàgbé. Ó ṣeé ṣe kí ẹ gbọ́ Ìjàyè, Kétu, Ìbarà tàbí Freetown. Bí ẹnìkan bá sì sọ fún yín pé àlejò ni yín, ẹ bi í tìfẹ́tìfẹ́ pé ìgbà wo ni àwọn tirẹ̀ dé.